Búrẹ́dì àlìkámà: báwo la ṣe lè tọ́jú rẹ̀ sílé tí kò fi ní bu, tí kò sì ní gan?

Àbíkẹ́yìn_Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo fẹ́ gbà. Màmá mi ní ìtọ̀ ṣúgà, dókítà sì ní kí wọ́n dín búrẹ́dì funfun kù, kí wọ́n máa jẹ èyí tí wọ́n fi odidi àlìkámà ṣe. Ègé méjì péré ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, pẹ̀lú ẹyin tàbí ẹ̀wà. Èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ wọn, èmi náà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ búrẹ́dì.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé búrẹ́dì yìí tóbi, ó sì wọ́n. Tí mo bá fi í sílẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀ lórí fíríìjì, á ti bu kí a tó jẹ ẹ́ dé ìdajì. Tí mo bá sì gbé e sínú fíríìjì, kì í bu, ṣùgbọ́n á gan, á máa rún, màmá á ní ó ń há àwọn lọ́fun. Àsìkò òjò yìí ló tún wá burú jù. Iná wa kò dúró o, ẹ rántí ìyẹn kí ẹ tó dá mi lóhùn. Ẹ ṣeun.

Àǹtí_Peckham

Fíríìsà ni, àbúrò mi. Kì í ṣe fíríìjì o, fíríìsà ni mo wí, ibi tí omi ti ń di yìnyín. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ọjọ́ tí mo bá ra búrẹ́dì gan-an ni mo máa ń pín in ní ègé méjì-méjì sínú ọ̀rá kéékèèké. Mo máa ń fún afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá jáde kí n tó dì í lẹ́nu. Bílẹ̀ bá mọ́, màá mú ẹyọ ọ̀rá kan, inú tósítà tààrà ló ń lọ, mi ò ń dúró kó yọ́.

Á dára bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ létí létí, á sì máa gba òórùn ẹja àti ẹran tó bá wà nítòsí rẹ̀. Kí ẹ má fi í sí ẹ̀gbẹ́ ẹja tútù láìdì í dáadáa.

Oníbúrẹ́dì_Ẹ̀gbá

Iṣẹ́ búrẹ́dì ni mò ń ṣe l'Abẹ́òkúta, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ohun méjì ló ń ba búrẹ́dì jẹ́, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá. Ọ̀kan ni gígan, èkejì ni bíbu. Ohun tí ẹ bá fi gbà á lọ́wọ́ ọ̀kan ló sábà máa ń tì í sọ́wọ́ èkejì. Ẹ dì í pinpin sínú ọ̀rá, kò ní tètè gbẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin inú rẹ̀ kò ríbi gbà jáde, ebu ti ríbi gbé nìyẹn. Ẹ ṣí i sílẹ̀ gbayawu, kò ní tètè bu, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà á ti bá a ní líle. Ẹni tó bá ń tọ́jú búrẹ́dì gbọ́dọ̀ mọ èwo nínú méjèèjì ló ń bá jà lásìkò yẹn.

Odidi àlìkámà tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èèpo àlìkámà ń fa omi mu púpọ̀, ìdí nìyẹn tí àwa fi ń fi omi kún un ju ti fúláwà funfun lọ nígbà tí a bá ń pò ó. Búrẹ́dì tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ ni ebu sì fẹ́ràn. Ọ̀pọ̀ àwa tí à ń ṣe é kì í sì í fẹ́ fi kẹ́míkà ìpamọ́ sí i, torí ẹni tó ń ra irú rẹ̀, ìlera ló ń wá. Nítorí náà, ẹ má retí pé kó pẹ́ tó búrẹ́dì funfun ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n fi calcium propionate sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ebu ti ń wá, torí ọ̀pọ̀ rò pé inú búrẹ́dì ló ti ń jáde. Iná ààrò máa ń pa ebu àti irúgbìn rẹ̀. Búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò kò ní ebu kankan. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló ń kó o: nínú afẹ́fẹ́ ibi tó ti ń tutù, lára ẹ̀rọ tí a fi ń gé e, lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o sínú ọ̀rá, lára ọ̀bẹ àti tábìlì ilé yín. Ojú tí ọ̀bẹ bá là sílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ibi tí irúgbìn ebu á bà sí ni. Ìdí nìyẹn tí èyí tí a kò tíì gé fi máa ń pẹ́ ju èyí tí a ti gé lọ. Tí ẹ bá ní ọ̀bẹ eléyín tó mú, odidi ni kí ẹ máa rà, kí ẹ máa gé ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ jẹ.

Ẹ má sì ra èyí tó ń gbóná nínú ọ̀rá tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ tọ́jú rẹ̀. Mo mọ̀ pé òórùn rẹ̀ ń fa èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú ọ̀rá náà dáadáa: ẹ máa rí ìrì wínníwínní tó lẹ̀ mọ́ ọ̀rá nínú lókè. Ìrì yẹn á kóra jọ, á di ẹ̀kán omi, á kán sórí búrẹ́dì, ibi tó kán sí yẹn ni àmì funfun á ti kọ́kọ́ yọ lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Tó bá jẹ́ èyí tó gbóná lẹ rí rà, bí ẹ bá ti délé, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá, ẹ gbé e lé wáyà tí ẹ fi ń yan ẹja kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ má gé e, ẹ má dì í títí inú rẹ̀ á fi tutù pátápátá. Odidi ńlá lè gbà tó wákàtí méjì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ dà á sínú ọ̀rá mìíràn tó gbẹ.

Ẹ tún máa ka ara ọ̀rá. Ohun tó pọ̀ jù nínú búrẹ́dì ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ. Tó bá jẹ́ “wheat flour” lásán ló ṣíwájú, fúláwà funfun tí gbogbo wa mọ̀ ni. “Whole wheat flour” ló yẹ kó wà níwájú. Àwọ̀ pupa kì í ṣe ẹ̀rí o, ṣúgà tí wọ́n jó lè fún búrẹ́dì funfun ní àwọ̀ yẹn. Nítorí màmá ni mo ṣe ń sọ èyí. Kò dára kí èèyàn náwó lé ohun tí kì í ṣe ohun tí dókítà ní kí wọ́n jẹ.

Olùkọ́_Kẹ́mísírì

Oníbúrẹ́dì, ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n fi ìdí tí fíríìjì fi ń mú un gan kún un, torí ọ̀pọ̀ rò pé gbígbẹ lásán ni. Lọ́dún 1852 ni Jean-Baptiste Boussingault, ará Faransé, ti fi hàn pé búrẹ́dì tí wọ́n dé mọ́ inú nǹkan tí omi kò lè gbà jáde ṣì máa ń gan. Omi inú rẹ̀ kò dín, síbẹ̀ ó le.

Sítáàṣì inú ìyẹ̀fun ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Nínú ààrò, sítáàṣì ń fa omi mu, ó ń wú, ó ń tú ká, ìyẹn ló fi ń rọ̀. Bí búrẹ́dì bá ti ń tutù, sítáàṣì á bẹ̀rẹ̀ sí í to ara rẹ̀ padà, á máa fún mọ́ra, á sì máa ti omi kúrò láàárín ara rẹ̀. Ìwọ̀n òtútù inú fíríìjì, láti òdo sí nǹkan bíi 5°C, gan-an ni ibi tí títò yẹn ti ń yára jù. Ohun kan náà ló ń ṣe ìrẹsì tó sùn sínú fíríìjì tó fi ń le. Nínú fíríìsà ní −18°C, omi ti di yìnyín, sítáàṣì kò lè yí padà mọ́, búrẹ́dì á dúró síbi tó wà. Nítorí náà, bó bá ṣe yára dé fíríìsà tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa rọ̀ tó nígbà tó bá jáde. Ẹ má fi fíríìsà ṣe ibi tí ẹ ń kó èyí tó ti ń gan lọ. Ọjọ́ tí ẹ rà á ni kí ẹ kó o síbẹ̀.

Ooru sì lè tú títò yẹn. Tí inú búrẹ́dì bá gbóná kọjá nǹkan bíi 60°C, sítáàṣì á tún tú sílẹ̀, búrẹ́dì á tún rọ̀. Tó bá wá tutù lẹ́ẹ̀kejì, kíákíá ló máa gan. Ìwọ̀n tí ẹ máa jẹ lójú ẹsẹ̀ nìkan ni kí ẹ gbé sórí iná.

Àbíkẹ́yìn, èyí ni mo máa fi dá yín lóhùn lórí ọ̀rọ̀ iná. Tó bá jẹ́ pé fíríìjì nìkan ni ohun tó dá yín lójú, tí màmá kò sì kọ búrẹ́dì yíyan, ẹ fi í sínú fíríìjì láìbẹ̀rù. Òtútù ibẹ̀ á fa ọwọ́ ebu sẹ́yìn gan-an, iná ìyan á sì bá yín yanjú gígan rẹ̀. Ìwé tó ní kéèyàn má fi búrẹ́dì sínú fíríìjì láéláé, èèyàn tó wà nílùú olótùútù ló kọ ọ́ fún ara wọn. Yàrá tó gbóná tó 30°C lásìkò òjò kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Àbíkẹ́yìn_Bódìjà

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ẹ tún ṣeun, mà, àǹtí mi. Iná lè lọ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Tí èyí tó wà nínú fíríìsà bá ti yọ́, ṣé mo lè jẹ́ kó tún dì padà?

Àǹtí_Peckham

Ẹ lè jẹ́ kó tún dì, tí omi kò bá tíì rin ín, tí kò sì ní òórùn kankan. Búrẹ́dì kì í ṣe ẹran. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá yọ́ tó tún dì ni á máa gbẹ sí i. Ẹ kó àwọn ọ̀rá kéékèèké náà sínú ike kan tó ní ìdérí, ẹ wá fi ìgò omi tó ti di yìnyín yí i ká. Fíríìsà tó kún dẹ́múdẹ́mú máa ń mú òtútù rẹ̀ dání pẹ́ ju èyí tó ṣófo lọ. Ẹ má sì máa ṣí i wò tí iná bá lọ.

Yàrá_Kan_Ifẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí n sọ̀rọ̀ fún àwa tí kò ní fíríìjì rárá. Níbi tí mò ń gbé, ẹni mẹ́ta la máa ń dáwó ra búrẹ́dì àlìkámà kan, a ó pín in lọ́jọ́ náà, kálukú á lọ jẹ tirẹ̀. Kò sí ọgbọ́n ìpamọ́ kankan tó dára ju kéèyàn ra ìwọ̀n tó lè jẹ tán. Tí ilé búrẹ́dì àdúgbò yín bá ń ṣe kékeré, kékeré ni kí ẹ máa rà, kódà tí ńlá bá dọ̀pọ̀ jù ú lọ.

Ẹ kúrò nídìí orí fíríìjì. Gbogbo ilé la ti ń gbé búrẹ́dì síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ooru tí fíríìjì ń tì jáde ló ń yọ sí ẹ̀yìn àti òkè rẹ̀. Ibi tó gbóná, tó tún ní ọ̀rinrin, ibẹ̀ gan-an ni ebu ń fẹ́. Ẹ má gbé e sí ojú fèrèsé tí oòrùn ń là, ẹ má sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù tí èéfín ọbẹ̀ ti ń rú. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ díẹ̀ sí ló dára.

Gígé rẹ̀ náà ní ọ̀nà. Àárín ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìdí. Mo máa gé e sí méjì lágbedeméjì, màá mú ègé tí mo fẹ́ jẹ lára ojú méjèèjì, màá wá tì wọ́n pọ̀ kí ojú tí ọ̀bẹ là dojú kọra wọn. Afẹ́fẹ́ kò ní ráyè bá inú rẹ̀, èèpo tó le ló máa wà lóde. Màá fi aṣọ funfun mímọ́ wé e, kí n tó gbé e sínú ike tí mi ò dé pa. Aṣọ yẹn ń fa ìrì mu. Mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀, mo sì ń fọ̀ ọ́, mo ń sá a sóòrùn.

Èèrà ńkọ́? Ẹ gbé ike náà sínú abọ́ tó ní omi díẹ̀.

Àbíkẹ́yìn_Bódìjà

Ẹ ṣé. Ìbéèrè kan ló kù tó ń dá ìjà sílẹ̀ nílé. Bí mo bá rí ibi tó ti bu, tó kéré, tó dúdú tàbí tó ń ṣe àwọ̀ ewé, màmá á ní kí n fi ọ̀bẹ yọ ọ́ kúrò, pé oúnjẹ kì í ṣe ohun tí à ń dà nù. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe ń ṣe é látijọ́. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ẹ bá mi kí màmá o. Ọ̀rọ̀ wọn kò burú, ìfẹ́ tí àwọn òbí wa ní sí oúnjẹ ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì kò ṣe é fi ọ̀bẹ yọ. Èyí tí ojú rí lórí rẹ̀ ni orí ebu. Ó ní gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti wọ inú búrẹ́dì lọ, torí búrẹ́dì rọ̀, ó sì ní ihò káàkiri. Wàràkàṣì líle tàbí kárọ́ọ̀tì lèèyàn lè gé ibi tó bu lára rẹ̀ nù dáadáa, nítorí wọ́n le, gbòǹgbò ebu kò lè tètè rìn nínú wọn. Tí búrẹ́dì bá ti jẹ́ ègé-ègé nínú ọ̀rá kan, tí ọ̀kan bu, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ dà nù, torí irúgbìn rẹ̀ ti fò ká inú ọ̀rá náà.

Àwọn ebu kan ń ṣe májèlé, ọ̀pọ̀ májèlé yẹn kì í sì í kú tí a bá yan búrẹ́dì. Ẹ má sọ pé ẹ máa gbé e sínú tósítà, á ti tán. Ẹ má gbé e símú gbóòórùn rẹ̀ o, pàápàá ẹni tó ní ikọ́ fée, irúgbìn ebu yẹn ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ tó jù ú nù. Ẹ má sì kó o fún adìẹ tàbí ewúrẹ́. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ kó má bàa ṣòfò, ṣùgbọ́n májèlé tó lè ṣe èèyàn lè ṣe ẹran ọ̀sìn náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fọ ike tí búrẹ́dì náà wà pẹ̀lú ọṣẹ àti omi gbígbóná, ẹ fi fínígà nu inú rẹ̀, ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ kanrankanran. Tí ẹ kò bá ṣe èyí, búrẹ́dì tuntun tí ẹ bá kó síbẹ̀ á tètè bu, ẹ ó sì máa dá ẹni tó ṣe é lẹ́bi lásán.

Oníbúrẹ́dì_Ẹ̀gbá

Ọpẹ́ ni fún nọ́ọ̀sì wa. Ohun kan tún wà tí kì í ṣe ebu, tí àwọn oníbàárà kì í sì í dá mọ̀. Ẹ bẹ búrẹ́dì, òde rẹ̀ dára, kò sí àmì kankan, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ lágbedeméjì ti ń yọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ. Tí ẹ bá rọra fà á ya sí méjì, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ á máa nà láàárín ojú méjèèjì. Òórùn dídùn kan á máa jáde, bíi ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti pọ́n jù. Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Bacillus subtilis ló ń fà á. Irúgbìn tirẹ̀ kì í kú nínú ààrò bíi ti ebu. Ara èèpo ọkà ló ń gbé, ìdí nìyẹn tó fi wọ́pọ̀ nínú búrẹ́dì odidi àlìkámà ju ti funfun lọ, àsìkò ooru ló sì ń gbilẹ̀ jù.

Ẹ má jẹ ẹ́. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ti wọ ilé iṣẹ́ wọn. Àwa máa ń fi fínígà díẹ̀ sí omi tí a fi ń po ìyẹ̀fun, torí bakitéríà yìí kò fẹ́ kíkan. Búrẹ́dì tí wọ́n fi ìwúkàrà kíkan ṣe, tí wọn kò fi yíìsì inú páálí nìkan ṣe, máa ń pẹ́ kó tó bu, kíkan rẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Houston

Ẹ kú àsìkò yìí o. Èmi ni mò ń ṣe ti ilé mi fúnra mi, torí mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun ni mo fẹ́ sọ, torí ẹni tó ń ra odidi àlìkámà lílọ̀ gbọ́dọ̀ tọ́jú òun náà. Nínú fúláwà funfun, wọ́n ti yọ èèpo, wọ́n sì ti yọ ibi tí hóró àlìkámà ti ń hù. Nínú odidi, ibi tó ń hù yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó sì ní òróró. Òróró yẹn ló ń sà. Tí ìyẹ̀fun náà bá ń korò lẹ́nu, tó ń gbóòórùn òróró tó ti pẹ́, kò sí bí búrẹ́dì rẹ̀ ṣe máa dùn. Inú fíríìsà ni tèmi wà, nínú ike tó dé pa, ó sì lè lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀. Lórí káńtà, oṣù kan sí mẹ́ta ni, ibi tó bá sì gbóná, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ kòkòrò lẹ ń bẹ̀rù, ẹ gbé ìyẹ̀fun tuntun sínú fíríìsà fún ọjọ́ mẹ́rin kí ẹ tó kó o sínú ike, ẹyin kòkòrò inú rẹ̀ á kú.

Bí mo ṣe ń jẹ́ kí búrẹ́dì náà rọ̀ pẹ́: mo máa ń mú ìyẹ̀fun díẹ̀ lára èyí tí mo fẹ́ lò, màá fi omi ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ lù ú, màá ro ó lórí iná kékeré títí tí á fi ki, tí ṣíbí á máa fa ìlà lójú rẹ̀. Màá jẹ́ kó tutù, kí n tó pò ó mọ́ ìyòókù. Ìyẹ̀fun tí a ti sè yẹn ń di omi mú, búrẹ́dì náà kì í tètè gan. Oyin díẹ̀ àti òróró díẹ̀ náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà nílé, kó ṣọ́ oyin.

Ẹlẹ́yin_Òṣogbo

Gbogbo yín ń sọ tósítà, tósítà. Ta ló ní kí tósítà dúró nígbà tí kò síná? Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ṣe lè fi gáàsì tàbí sítóòfù jí búrẹ́dì tó ti gan.

Ẹ gbé ìkòkò kékeré léná, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, kó hó. Ẹ gbé asẹ́ onírin lé e lórí kó má kan omi, ẹ to ègé búrẹ́dì sínú asẹ́ náà, ẹ dé e. Ìṣẹ́jú kan tó. Ẹ tètè ṣí i, torí bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́, omi inú ìdérí á kán sí i, á di pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Ẹ wá gbé e sórí páànù gbígbẹ tí ẹ fi ń dín ẹyin, láìfi òróró sí i, iná wẹ́rẹ́, kí ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan. Á rọ̀ nínú, ara rẹ̀ á sì gbẹ. Màmá tó ń ní ó ń há àwọn lọ́fun, èyí á bá wọn lára mu ju èyí tí tósítà mú le gbandi lọ.

Tó bá jẹ́ odidi tàbí ìdajì, ẹ fi omi wọ́n ara rẹ̀ díẹ̀, ẹ fi fóìlì wé e, ẹ gbé e sínú ìkòkò tó wúwo tí ẹ ti fi àwo irin kékeré sí ìdí rẹ̀ kí búrẹ́dì má bàa kan ìdí ìkòkò. Ẹ dé e, iná kékeré, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí tó bu kò ṣeé jí o. Èyí tó gan lásán ni mò ń sọ.

Àbúrò_Akúrẹ́

Lásìkò ọyẹ́ ńkọ́? Lọ́dọ̀ wa, bí ọyẹ́ bá ti dé, ebu kì í yọ, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló ń gbẹ kanrankanran.

Yàrá_Kan_Ifẹ̀

Ẹ yí ohun gbogbo padà lásìkò ọyẹ́. Aṣọ tí mo ní kí ẹ fi wé e, ẹ pa á tì. Ọ̀rá tó dé pa ni kí ẹ lò, kí ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ẹ tún wá fi sínú ike tó dé pa. Ní oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì, gígan ni ọ̀tá wa. Láti oṣù Kẹrin títí òjò á fi lọ, bíbu ni.

Ẹlẹ́yin_Òṣogbo

Èyí tó bá sì ti gbẹ tán, tí kò bu, ẹ má jù ú nù. Ẹ gbé e sínú páànù, ẹ jẹ́ kó gbẹ sí i lórí iná wẹ́rẹ́, ẹ lọ̀ ọ́ tàbí kí ẹ gún un, ẹ kó èérún rẹ̀ sínú ìgò tó gbẹ. Bí ẹ bá ti fi ẹyin pa ẹja lára, ẹ yí i mọ́ èérún yìí kí ẹ tó dín in. Ti odidi àlìkámà ń dùn lára ẹja ju ti funfun lọ lójú tèmi, torí èèpo inú rẹ̀ máa ń dún lẹ́nu. Ègé tó gan náà ló dára jù láti rẹ sínú ẹyin lílù pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata, kí ẹ fi òróró díẹ̀ dín in. Èyí tó rọ̀ á kàn já sínú ẹyin ni. Ẹ̀wà agányìn náà kò bèèrè pé kí búrẹ́dì rọ̀.

Ìyá_Ọmọ_Ilé_Ìwé

Ẹ jọ̀ọ́, kí n tọ́rọ̀ àyè béèrè tèmi mọ́ ọn. Ọmọ mi wà ní ilé ìwé tí wọ́n ti ń gbé ní Ọ̀yọ́, láti Èkó ni mo ti ń fi búrẹ́dì àlìkámà ránṣẹ́ sí i nínú mọ́tò. Ṣé kí n gbé e tútù ni, àbí kí n fi í sí fíríìsà kó di gbagidi kó tó lọ?

Oníbúrẹ́dì_Ẹ̀gbá

Ẹ jẹ́ kó di gbagidi, màmá, bí ẹ bá ní ọ̀nà. Odidi ni kí ẹ gbé, ẹ má gé e. Ẹ fi ọ̀rá méjì dì í, ẹ fi ìwé ìròyìn wé e nípọn, ẹ gbé e sínú páálí. Ẹ bẹ awakọ̀ kó má gbé e sí ibi ẹ́ńjìnnì, kí ẹrù má sì tẹ̀ ẹ́. Á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà, á sì dé ibẹ̀ ní rírọ̀. Èyí tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà márosẹ̀, tó ti wà lójú oòrùn láti àárọ̀, ẹ má jẹ́ kí awakọ̀ fi í rọ́pò tiyín.

Ẹ sọ fún ọmọ náà kó má ṣí ọ̀rá rẹ̀ kí búrẹ́dì tó yọ́ tán. Bó bá ṣí i nígbà tó ṣì tutù, omi inú afẹ́fẹ́ á lẹ̀ mọ́ búrẹ́dì fúnra rẹ̀. Bí kò bá ṣí i, ara ọ̀rá lóde ni omi yẹn máa wà. Kó fi aṣọ gbígbẹ nu ọ̀rá náà, kó tó tú u.